Inú Tí Ń Run Alásè Wa

Òórùn pẹpamíǹtì tó dàpọ̀ mọ́ òórùn ẹfun tútù ni òórùn yàrá oògùn wa ní Port Harcourt, ní ọdún 1969 tí ogun ṣì ń jà lókè lọ́hùn-ún, tí ìlú tiwa sì ti ń mí padà díẹ̀díẹ̀. Ilé ìwòsàn wa kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi yangàn. Ilé ìkẹ́rùsí kan tó ti ṣófo lẹ́bàá ọ̀nà Aba, nítòsí Rumuola, ni wọ́n sọ di ilé ìwòsàn onígbà díẹ̀. Ibi tí wọ́n ń to àpò sìmẹ́ńtì sí tẹ́lẹ̀ di wọ́ọ̀dù ọkùnrin, ibi tí àwọn akọ̀wé ń jókòó sí di wọ́ọ̀dù obìnrin, yàrá kékeré kan tó wà lẹ́yìn pátápátá sì di ibi tí à ń kó àwọn tí àrùn wọn lè ran ẹlòmíràn sí. Bí òjò bá rọ̀, òjò Port Harcourt tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dá, páànù orí wa á pariwo débi pé aláìsàn á ní láti fi ọwọ́ júwe ohun tó ń ṣe é. Mo fẹ́ràn ibẹ̀. Mo wí i bẹ́ẹ̀ láìtijú, nítorí àwọn tó bá gbọ́ pé mo ṣiṣẹ́ nítòsí ogun máa ń retí kí n sunkún fún wọn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rín ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo kó bọ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn ni nígbà tí wọ́n béèrè ẹni tó bá fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Rivers tuntun. Mo ti na ọwọ́ sókè kí ìyá mi tó gbọ́. Ẹ̀kọ́ oògùn ni mo mọ̀ jù ní kíláàsì wa, nínú ẹ̀kọ́ oògùn náà, oògùn inú ni mo mọ̀ jù, mo sì gbà tọkàntọkàn pé kò sí inú ọmọ aráyé tí n kò lè bá wí kí ó gbọ́. Nígbà tí mo dé, mo bá ìgò ńlá mẹ́ta lórí pẹpẹ, gbogbo wọn funfun bí omi ògì. Ọ̀kan ni kéólìn, amọ̀ funfun kíkúnná tí à ń fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru kí inú rẹ̀ lè dì. Ọ̀kan ni álíbà, tí iyọ̀ inú rẹ̀ máa ń fa omi wọ ìfun, tí ẹni tí kò rí ìgbẹ́ yà á fi sáré dé ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀kan yòókù ni magnísíà, tí ẹni tó ní ọgbẹ́ inú máa ń mu láàárín oúnjẹ kan sí èkejì kó lè pa omi kíkan tó ń jó o nínú, òun náà sì máa ń tú ìgbẹ́ díẹ̀ bí ó bá pẹ́ lára. Kí n má baà ṣì wọ́n mú, mo ti sọ wọ́n di orin láti ilé ẹ̀kọ́: ọ̀kan ń dè é, ọ̀kan ń tú u, ọ̀kan ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo máa ń kọ ọ́ sínú bí mo bá ń gbọn ìgò. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ ni mo ní nígbà náà, ó funfun báláú, mo sì fi sítáàṣì sí i dáadáa.

Ẹni tó ní àkísà ni Sístà tó jẹ́ olórí wa. Ọmọ Kalabari ni, obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn tí kì í yára rìn, àmọ́ tí kì í pẹ́ dé ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe ohun tí kò dára. Ó ń bá dókítà sọ Òyìnbó, ó ń bá àwọn ẹlẹ́ja ní ọjà Mile One sọ Ìgbò àti Ikwerre, ó sì ń bá gbogbo wa yòókù sọ Pijin. Òfin kan ló gbé lérí ju gbogbo òfin lọ. Ó ní, "No country talk for my ward." Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ sọ èdè ilé rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, ìbáà jẹ́ nọ́ọ̀sì, ìbáà jẹ́ aláìsàn. Mo kọ́kọ́ rò pé ìgbéraga ni, àṣé ọgbọ́n ni. Lákòókò yẹn, bí ẹni méjì bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní èdè tí ẹni kẹta kò gbọ́, ẹni kẹta náà kò ní lè sùn. Ẹ̀rù ti ba àwọn èèyàn tó. Nítorí náà Pijin ni gbogbo wa fi ń ráhùn, Pijin ni a fi ń gbàdúrà, bí a bá tilẹ̀ jọ jẹ́ ọmọ Yorùbá méjì, Pijin náà ni.

Ibi tí òfin yìí ti nira jù ni ọ̀dọ̀ alásè wa. Bàbá kan láti ìhà Ògbómọ̀ṣọ́ ni, tó ti bá tọkọtaya òyìnbó oníwàásù kan se oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn òyìnbó náà gbọ́ Yorùbá débi pé wọ́n ń pa òwe, kò sì sí ìdí tí bàbá fi ní láti kọ́ èdè mìíràn. Nígbà tí àwọn òyìnbó padà sílé, tí ìyàwó rẹ̀ sì kú, ó gbọ́ ní Èkó pé wọ́n ń wá alásè ní Port Harcourt, ó sì bá ọkọ̀ ojú omi wá. Ọwọ́ rẹ̀ dùn. Kò pẹ́ tó fi mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìṣáwùrú sí ọbẹ̀, àwọn aláìsàn tó yẹ kó ti lọ sílé á máa wá ìrora kún ìrora kí wọ́n lè dúró jẹun ọ̀sán. Pijin nìkan ni kò tètè mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ń ṣa á jọ bí ẹni ń ṣa igi ìdáná. Èyí tó bá ti jọ tirẹ̀, á gbé e.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, alásè wọlé tọ Sístà wá, ó di ikùn mú, ojú rẹ̀ ti rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mò ń ka ṣíbí.

Ó ní, "Sister, belle dey run me."

Sístà bi í pé láti ìgbà wo. Ó ní ó ti tó ọjọ́ mélòó kan. "Morning, e dey run me. Before food, e dey run me well well."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní Pijin. Ẹni tí belle rẹ̀ bá ń run, ìgbẹ́ gbuuru ló ń yà. Alásè ilé ìwòsàn, tó ń fi ọwọ́ gbé oúnjẹ gbogbo wa, ní àsìkò tí ìgbẹ́ ọ̀rìn ń jà ní àwọn àgọ́ tó yí wa ká. Sístà ṣe ohun tí ẹni tó mọ iṣẹ́ máa ṣe. Ó gba ápírọ̀ọ̀nù lọ́rùn rẹ̀, ó ti ilé ìdáná pa, ó ní kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ gbogbo ìkòkò, ó sì mú alásè lọ sí yàrá kékeré lẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n máa fún un ní kéólìn láràárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, omi ìrẹsì nìkan sì ni kó máa mu. Èmi fúnra mi orí mi wú. Mo kọ orin mi sínú pé ọ̀kan ń dè é, mo sì lọ gbọn ìgò.

Dókítà kì í wá lójoojúmọ́, nítorí ilé ìwòsàn mìíràn tún wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tó dé, ó ní kí alásè yàgbẹ́ díẹ̀ sínú agolo kékeré kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Agolo náà ṣófo lọ́jọ́ náà. Ó ṣófo lọ́jọ́ kejì. Sístà gbé e sókè, ó wo inú rẹ̀, ó tún wo alásè.

"Where the thing?"

"E no dey, Sister. Nothing dey come."

"But belle still dey run you?"

"As I dey talk so, e dey run me."

Báwo ni belle ṣe máa ń run èèyàn tí nǹkan kan kò sì jáde? Sístà kò pe alásè ní òpùrọ́, àmọ́ ó ti rí alásè púpọ̀ rí tó ń fi àìsàn pamọ́ nítorí iṣẹ́ wọn. Ó rò pé igbó ẹ̀yìn ògiri ló ń sá lọ kí wọ́n má baà rí i. Ó ní kí wọ́n fi kún kéólìn rẹ̀.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ọkùnrin tó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi sí ilé ìdáná, ó sì ń tẹ ẹ̀bà bí ẹni ń po sítáàṣì. Àwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn kíákíá. Sójà kan tó ń fi igi rìn, ọmọ Ọ̀fà, ní òun kò mọ̀ pé ogun ṣì kù fún òun lẹ́yìn ogun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ alásè kì í ṣe ẹ̀rín mọ́, nítorí dókítà ti sọ pé ọkọ̀ ojú omi kan ń lọ sí Èkó ní ọjọ́ Jimọ̀. Bí ara alásè kò bá yá kó tó di ọjọ́ náà, kí wọ́n gbé e sínú rẹ̀ kó máa lọ sílé, wọn á wá alásè mìíràn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ibà dá nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú yàrá kékeré dùbúlẹ̀, Sístà sì fi mí dípò rẹ̀. Ooru mú gan-an lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, òjò ti ń ṣú, kò sì rọ̀. Bẹ́ẹ̀dì kò tó, ẹní ni wọ́n tẹ́ sórí sìmẹ́ńtì, àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ sì ti ká ẹní kúrò, wọ́n bọ́ ẹ̀wù, gbogbo wọn da ikùn délẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù. Mo dé pẹ̀lú ìgò kéólìn lápá kan, ṣíbí lápá kejì. Alásè kò gbé orí sókè. Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Sìmẹ́ńtì ló dojú kọ, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ní Yorùbá.

Ó ní, "Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run."

Òwe yìí kò ṣàjèjì sí mi. Ìyá mi àgbà kì í lo ọ̀sẹ̀ kan kó má pa á. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́ kí n sì bẹ̀rẹ̀ sí í da oògùn, nígbà tí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn òwe náà dà bí ẹni pé ó fà mí láṣọ. Inú ń run. Belle dey run. Mo gbé ìgò sílẹ̀. Mo gbàgbé òfin Sístà, mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni inú yín ń ṣe gan-an?"

"Ó ń run mí."

"Ṣé ẹ ń yàgbẹ́ gbuuru ni?"

Ó yí ojú padà, ó wò mí bí ẹni tí mo bú. "Ìgbẹ́ wo? Láti ọjọ́ tí ẹ ti ń fún mi ní ẹfun yìí mu, mi ò rí ìgbẹ́ yà. Ẹ̀yin náà lẹ tún ń gbé agolo wá bá mi. Ibo ni kí n ti rí i?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún Sístà pé belle dey run yín."

"Ó sì ń run mí. Belle, inú nìyẹn. Dey run, ń run nìyẹn. Ṣebí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń wí i níbí? Àwọn ni kò tilẹ̀ lè pè é dáadáa, rọ́n, rọ́n ni wọ́n ń pè é. Mo rò pé ahọ́n wọn ló wúwo."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí mo fi sítáàṣì sí, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bàbá kò mọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, tó mọ ohun tó ti ń kéde nípa ara rẹ̀ ní gbangba láti ọjọ́ yìí wá, ó fi ọwọ́ bo ojú. Mo wá bi í léèrè bí ó ṣe yẹ kí ẹnìkan ti bi í. Ibo ló ti ń dùn ún? Ó fi ìka kan ṣoṣo tọ́ abẹ́ igbá àyà. Ìgbà wo? Bí ebi bá ń pa á, àti ní ìdájí. Kí ló máa ń jẹ́ kó rọlẹ̀? Ó ní bí òun bá ti bu ṣíbí ọbẹ̀ kan tọ́ wò nídìí ààrò, á dákẹ́. Ọgbẹ́ inú ni, kò sí àní-àní. Ẹni tí oúnjẹ ń tù lára ni a ń fi omi ìrẹsì febi pa, ẹni tó yẹ kó mu èyí tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ni a ń fún ní èyí tó ń dè é. Bí a bá jókòó wá ọ̀nà tí a ó fi ṣe òdìkejì, a kò lè ṣe é pé tó bẹ́ẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi. "Staff, na country talk I hear so?"

Sístà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo dìde, mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un ní Òyìnbó, mo sọ ọ́ kíákíá, ọ̀rọ̀ ń gun ara wọn lẹ́nu mi. Ó ká apá mọ́ àyà, ó gbọ́ mi tán. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dùn gan-an. Lẹ́yìn náà ló ní, "You and him, na one place una come from. He no wan enter ship, and you like him soup." Ó ní bí òun bá fi magnísíà fún ẹni tó ń ya ìgbẹ́ ọ̀rìn, á máa ṣàn jáde lára rẹ̀ ni, bí òun bá sì dá a padà sídìí ìkòkò, gbogbo ilé ìwòsàn ló máa bá a dùbúlẹ̀. Inú bí mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé èmi ni mo gba ipò kìn-ín-ní nínú ẹ̀kọ́ oògùn ní kíláàsì wa. A dúpẹ́ pé mi ò sọ ọ́.

Sístà ronú díẹ̀, ó sì ní kí wọ́n lọ pe sójà ọmọ Ọ̀fà wá láti wọ́ọ̀dù ọkùnrin, níbi tí kò ti lè gbọ́ ohun tí a sọ. A gbọ́ igi rẹ̀ kó, kó, kó, lórí sìmẹ́ńtì. Sístà ní kí èmi àti alásè má ya ẹnu wa.

"Soldier, when belle dey pain person for una side, wetin una dey talk?"

Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Sister, you talk say make we no talk country."

"Today I say make you talk am."

"Inú ń run mí."

"Talk the last one again."

"Run mí."

"Run," ni Sístà wí. Ó tún un wí lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò. Ó wo alásè, ó wo ìgò kéólìn, ó fa báàkẹ́ẹ̀tì kan wá, ó dojú rẹ̀ dé, ó sì jókòó lé e. Èjìká rẹ̀ kọ́kọ́ ń mì, lẹ́yìn náà gbogbo ara rẹ̀. Mi ò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. "So this man dey cry pain since," ló wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀, "and we dey block him yansh." Alásè béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ló sọ, mo sì ní, "Ó ń kí yín kú ìfaradà ni."

Ṣùgbọ́n Sístà kì í fi ẹ̀rín yí oògùn padà. Ó dá kéólìn dúró, ó ní kí n po ògì tó ní mílíìkì fún bàbá, ó sì ránṣẹ́ sí dókítà. Dókítà dé lọ́jọ́ kejì, ó tẹ ikùn bàbá, ó gbà pé ọgbẹ́ inú ni. Ó ní kó máa mu magnísíà bí ó bá jẹun tán tí ó sì ti tó wákàtí kan, kó sì máa mu ẹ̀kán díẹ̀ nínú oògùn olómi tí wọ́n ń pè ní bẹladónà, pẹ̀lú omi, kó tó jẹun, kí inú rẹ̀ lè dẹ̀. Inú mi dùn, àfi ìgbà tó fi kún un pé òfin ni òfin: alásè kò lè padà sídìí ìkòkò láìjẹ́ pé wọ́n yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò tí wọ́n sì rí i pé ó mọ́. Ọkọ̀ ọjọ́ Jimọ̀ kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ la ti fi kéólìn dí ọ̀nà náà pa fúnra wa.

Ó wá di pé gbogbo ilé ìwòsàn ń retí inú ẹnìkan ṣoṣo. Ẹnìkan ní kí a fún un ní álíbà kó lè tètè ṣí. Sístà wò mí, mo sì sọ ohun tí mo mọ̀, lọ́tẹ̀ yìí láìgbéraga: ẹni tí inú rẹ̀ ní ọgbẹ́, tí ebi ti gbẹ, kò yẹ kí á fi iyọ̀ lé e kiri, magnísíà tó ń mu á tú u fúnra rẹ̀, bí a bá fún un ní omi àti oúnjẹ tó tó. Sístà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "We go wait." Láràárọ̀, sójà ọmọ Ọ̀fà á kan ilẹ̀kùn yàrá kékeré, á béèrè pé, "E don land?" A ó ní kò tíì dé, á sì padà lọ jẹ ẹ̀bà onísítáàṣì rẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́.

Alásè kò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Nígbà tí mo gbé oògùn wá fún un ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, Sístà wà nítòsí, ó gbọ́ tí a ń sọ Yorùbá, ó sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Bàbá ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe pé n kò nílé. Bí mo bá dé, àwọn ọmọ mi á gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n á gbé àga fún mi síta, wọ́n á máa gbé oúnjẹ wá bá mi níbẹ̀. Èmi tí mo ti ń bọ́ èèyàn láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. Ibi àga yẹn ni mo máa kú sí." Mo gbọn ìgò, mo da oògùn rẹ̀ fún un, àánú rẹ̀ sì ṣe mí débi pé mo gbàgbé láti kọ orin mi.

Òjò tí à ń retí rọ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ariwo páànù pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tó gbọ́ nígbà tí bàbá dìde, tó mú agolo, tó jáde lọ sẹ́yìn. Ìgbà tó ń padà bọ̀ la rí i. Òjò ti pa á dé eegun, ó fi ọwọ́ bo agolo, ó ń rìn tìlọ́látìlọ́lá gba àárín wọ́ọ̀dù ọkùnrin kọjá. Kò sí ẹni tó bi í léèrè. Sójà ọmọ Ọ̀fà ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, lẹ́yìn náà gbogbo wọ́ọ̀dù, títí kan àwọn tí ọwọ́ wọn wà nínú báńdéèjì tí wọ́n ń fi ṣíbí lu ife. Mo ti pẹ́ láyé, mi ò tíì rí ibòmíràn tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún ìgbẹ́.

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí ilẹ̀ tó ṣú, ó mọ́ tónítóní. Ọkọ̀ Èkó lọ ní ọjọ́ Jimọ̀ láìsí alásè wa nínú rẹ̀. Ìyẹn kò ní kí ìṣòro tán. Bẹladónà gbẹ ẹnu rẹ̀ débi pé kò mọ adùn iyọ̀ mọ́, ọbẹ̀ àkọ́kọ́ tó sè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ níyọ̀ ju omi òkun lọ. Mo sọ fún dókítà, ó dín ẹ̀kán rẹ̀ kù. Wọ́n tún ní kò gbọdọ̀ fi ata kan ẹnu, nítorí náà èmi ni wọ́n ń pè sídìí ààrò láti wá tọ́ ata wò, iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ọkàn ṣe. Sístà náà tún òfin rẹ̀ ṣe. Bí aláìsàn bá dé, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó ń bi í ni, "How your mama dey call am?" Wọ́n á kọ́kọ́ sọ àìsàn wọn ní èdè tí ìyá wọn fi bí wọn, a ó wá ẹni tó gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà ni Pijin.

Mo ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, oògùn inú sì ti yí padà lójú mi. Ìgò funfun ńláńlá ti ń di ohun ìgbàgbé, oníhóró kékeré tí èèyàn ń gbé mì láàárọ̀ ló kù. Wọ́n tilẹ̀ wá sọ fún wa pé kòkòrò kan ló ń fa púpọ̀ nínú ọgbẹ́ inú, kì í ṣe ata. A ti fìyà jẹ ata lásán láti gbogbo ọdún yẹn. N kò bínú sí ìmọ̀ tuntun. Ohun tí mò ń rántí jù ni àárọ̀ kan lẹ́yìn tí ogun parí, tí àwọn nọ́ọ̀sì tuntun ti kún ọ̀dọ̀ wa. Alásè wá gba oògùn rẹ̀. Nígbà náà ó ti gbọ́ Pijin dáadáa, ó ń fi i ná ẹja, ó ń fi i ṣàwàdà, ó sì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ lẹ́nu ọmọ ìlú. Síbẹ̀ ó dúró síwájú wa, ó sì ní, "Sister, belle dey run me small."

Nọ́ọ̀sì tuntun kan fò dìde, ó ti na ọwọ́ sí kéólìn.

Sístà ń kọ̀wé, kò gbójú sókè. Ó ní, "Leave that one. Na Yoruba run be this." Ó gbé magnísíà fúnra rẹ̀, ó gbọn ìgò náà, ó sì da ti bàbá fún un.